Àtẹ̀gùn Mẹ́fà

Èmi ni mo ń kọ ìwé owó Ọjọ́ Àdúgbò wa
ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn Tákíè,
níbi tí òórùn kajú ti ń bá atẹ́gùn wọlé lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ẹ jẹ́ kí n ka ojú-ewé kan fún yín.

Èṣí. Owó àwọn tó gbé Ọ̀jẹ́wùmí wọ gbọ̀ngàn: kò sí.
Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e.
Géńdé mẹ́rin, àtẹ̀gùn mẹ́fà,
òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókè orí èèyàn bí àpò gàrí.
Ìró rẹ̀ tú ní àtẹ̀gùn kẹrin.
Gbogbo wa pàtẹ́wọ́,
a rò pé oore la ń ṣe.

Lọ́dún yìí ó kọ̀wé sí wa, ìlà kan péré:
“Mo ń bọ̀. Ẹ má gbé mi.”

Ìgbìmọ̀ jókòó. Alága ní ká ra ẹ̀rọ agbéniròkè.
Iye tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ìbàdàn dá lé e,
bí a bá ta gbọ̀ngàn, kò tíì pé.
Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì náírà ló wà nínú àpótí.
Ẹnìkan ní, “Ẹ jẹ́ ká fi sí ọdún tó ń bọ̀.”
Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ nínú ìwé mi,
ojú-ewé méje ló ti gbà.

Lámídì káfíńtà mú okùn ìwọ̀n dìde.
Ó ní bí ilé bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan,
kí pákó gùn ní méjìlá,
kí apá obìnrin lè ka kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.
Gbọ̀ngàn ga ní mẹ́ta.
Ọ̀jẹ́wùmí, olùkọ́ ìṣirò, ti ṣe é tán kí n tó rí bírò:
“Mẹ́rìndínlógójì. Pákó yín á dé sọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì.”
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

“Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,” Alága mí kanlẹ̀.
Ìyá Abíádé, tí kò ríran, dáhùn láti ẹ̀yìn:
“Ta ló kan pẹpẹ náà sókè?”

Bí ayẹyẹ ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.
Ó kúrò ní gbọ̀ngàn, ó bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò,
sórí ilẹ̀ tí kì í béèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Àmọ́ yanrìn ń gbé táyà mì. Nítorí náà:
ògbólógbòó ilẹ̀kùn mẹ́rin, láti ilé tí wọ́n wó, ọ̀fẹ́.
Ìṣó àti ìdè, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.
Okùn fún Ìyá Abíádé, láti géètì dé ìdí àga rẹ̀,
tí a ta kókó sí níbi tí ọ̀nà ti yà, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀.
Pátákó dúdú, a yá a nílé-ìwé;
ọmọ Súfíánù ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu,
kí bàbá rẹ̀ adití lè bá wa rẹ́rìn-ín lásìkò ẹ̀rín,
kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rín bá tán.
Epo dúdú láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí ikán, ọ̀fẹ́.
Ẹni tó bá yá ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀
á fi epo kùn wọ́n kó tó dá wọn padà.
Ilẹ̀kùn tí kò nílé mọ́!
Ìgbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ tán ni wọ́n tó ṣí.

Ọjọ́ pé. Ọ̀jẹ́wùmí ti ara rẹ̀ wọlé,
táyà ń dún gbà-gbà-gbà lórí pákó
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn mẹ́rin.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó dára.

Lọ́sàn-án mo gbé omi tútù fún un. Ó mi orí.
“Láti àná ni mi ò ti mu omi,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
“mo mọ̀ pé ẹ máa gbàgbé ilé ìtọ̀.”
Mo wẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn,
àtẹ̀gùn méjì, ẹnu ọ̀nà bí ihò abẹ́rẹ́.

Owó tó ṣẹ́kù: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àbọ̀.
Mo ṣí ojú-ewé tuntun.
Mi ò kọ “ọdún tó ń bọ̀” sí i.
Mo kọ: Ọjọ́ Ajé. Lámídì, mú okùn ìwọ̀n.