Pẹpẹ Aláìníṣòó

Ìjọba gbé mi láti Ọmùò lọ Ìkọ̀lé,
láti Ìkọ̀lé lọ Ìjerò, kó tó kan Ẹ̀fọ̀n.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi hámà tú pẹpẹ ìwé mi,
tí ihò ìṣó ń pọ̀ lára pákó
bí ojú ilé agbọ́n.

Mo tọ Ìbídàpọ̀ lọ, obìnrin káfíńtà ẹ̀bá òkè.
Mo ní, "Èyí tí kò ní ìṣó, tí kò ní gọ́ọ̀mù."
Ó fi páálí bisikíìtì gé àwòṣe:
ó la ẹnu sí apá kan, ó la ẹnu sí èkejì,
ẹnu wọnú ẹnu.

Àkọ́ṣe, òjò rọ̀, àfàrá wú, kò wọlé mọ́.
Èkejì, ọyẹ́ dé, ó ń mì bí eyín arúgbó.
"Igi ń mí," ló wí,
"èmi ni n ò fún un láyè."
Ó fá ihò náà ní ìwọ̀n èékánná,
ó dá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
kí ẹrù fúnra rẹ̀ máa fún un pọ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.
Mofiyìn mi, ọmọ ọdún méje,
òun ló tò ó lánàá.

Apá ìsàlẹ̀ ṣì ń dún kẹ́ẹ́.
Lẹ́tà míì ti dé láti Adó.
N ò tilẹ̀ wá hámà.