Kòkòrò, Kòkòrò

Láàárọ̀ yìí, ní oko àgbàdo wa n'Ítòíkín, lọ́nà Ẹ̀pẹ́,
Kúbúrátù ṣí ewé kan, ó ní kí n wò ó:
kòkòrò tó jẹ wá lóko tán lọ́dún tó kọjá
ti rọ̀ bí àkàrà tó já sómi,
ó pọ́n bí bíríkì.

A ò fín oògùn.

Nǹkan kan ló wọnú rẹ̀, tójú ò rí.
Kòkòrò la ń pe ìyẹn náà.

Ẹ̀jẹ̀ òkú yìí kì í pupa, ṣùgbọ́n ó lọ́dẹ,
àwọn tí í ká àlejò mọ́,
tí í fi dúdú wé e pa.
Àlejò yìí ò bá wọn jà.
Fèrè ló kọ́kọ́ gbà lẹ́nu ọdẹ.

Inú mi dùn.
Síbẹ̀ mo gbọ́wọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ara mi,
níbi tí kókó ti í so bí ibà bá dé,
mo ń wá fèrè tèmi.