Òrùka Ọwọ́ Ọ̀tún

Àwọn atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ránṣẹ́ sí ọkọ mi, Jabez Thirkell:
"Bá wa fín àwòrán mẹ́jọ fún ìwé ìtàn ìfẹ́ yìí.
Kí ọkọ ó wuyì, kí ìyàwó ó rẹwà,
kí iná ó máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ààrò."
Jabez ka ojú ewé mẹ́ta, ó pòṣé,
ó ju ìwé sí ológbò.
Ó ní, "Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe báyìí ní Ludlow?"
Ó bá ṣí fèrèsé,
ó ń wo ilé onílé.

Ilé Hartopp tó ń ta òwú ló kọ́kọ́ fín:
ìyá ń kàwé, ó ń sunkún ọmọ òrukàn inú ìtàn,
ọmọ tirẹ̀ gan-an wà lábẹ́ tábìlì,
òun àti ajá ń du egungun.
Ó fín Ọ̀gágun Pym, akọni ogun ilẹ̀ Sípéènì,
tó sá sẹ́yìn aṣọ fèrèsé
nítorí pé ìyàwó ń béèrè owó ẹran.
Ó fín omidan Lavinia Stubbs tó dákú sórí àga tìmùtìmù,
tó sì fi ojú kan ṣọ́ ọkùnrin tí yóò gbé e.

Èmi ni mo ń po tàdáwà. Èmi ni mo ń fi àkísà nu bàbà
títí èékánná mi fi dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo mọ ohun tí ará ìlú ò mọ̀:
ọ̀tún inú bàbà, òsì ni lórí ìwé.
Ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ nínú iṣẹ́ yìí,
òdì ni yóò ti kọ́kọ́ kọ ọ́.

A gbé wọn kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ìlú rọ́ dé.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ sínú ẹrẹ̀.
Hartopp ń fi Pym rẹ́rìn-ín, Pym ń fi Hartopp rẹ́rìn-ín,
kò sẹ́ni tó dá àga ara rẹ̀ mọ̀.

Àfi ìyàwó àlùfáà.
Òun nìkan ni Jabez ò fi ṣe yẹ̀yẹ́:
obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń da tíì sínú ife.
Ṣùgbọ́n oorun ń kun ọkọ mi lóru ọjọ́ náà,
ó gbàgbé láti yí ọwọ́ padà.
Òrùka ìgbéyàwó bọ́ sí ọ̀tún.
"Háà! Ṣé wọn ò tíì so wọ́n pọ̀ ni?"
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà,
kò sẹ́ni tó gbọ́ ìwàásù, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ó wá sílé wa. Kò pariwo.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì,
òrùka há sí ìka tó ti wú, ọdún mọ́kànlélógún.
"Ọ̀gbẹ́ni Thirkell, ẹ wò ó dáadáa."
Ilẹ̀ ni Jabez ń wò.

Lóru, bó ti ń hanrun, mo mú irin ìfín rẹ̀.
Mo fín ọkùnrin kan tó na ọrùn síta bí lékeléke;
lẹ́yìn rẹ̀ ààrò ń rú èéfín, ológbò sùn lórí ìwé ìfẹ́,
obìnrin kan ń nu bàbà.
Mi ò gbàgbé láti yí ọwọ́.
Òrùka mi wà lósì, níbi tó yẹ kó wà.
Bẹ́ ẹ ò bá rí i, tàdáwà ló bò ó.
Ẹ sún mọ́ ọn. Pẹ́nì méjì péré ni.