Àpótí Tó Ní Aró Nínú

Oṣù keje rèé tí ìyá mi ti papò dà,
aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ìrẹsì mẹ́ta
lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi l'Ókè-Fíà.
Èkúté ti tọ́ ọ̀kan wò.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo mú owó àjọ,
mo gba ọ̀nà ojú irin lọ.

Ibẹ̀ ni Ràímì gbé ń ta ẹrù àwọn tó ti lọ:
àwọn tó kó lọ sÉkòó, àwọn tó kó lọ sọ́run.
Kò sí pátákó lójú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Àga kan tí kò ní ìdí ló gbé sétí títì,
ìyẹn ti tó ìkéde.

Ó kọ́kọ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù onídígí hàn mí.
Mo rí ara mi nínú dígí náà, mo rí àárẹ̀.
Mo kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò, kò, kò:
páálí! Páálí tí wọ́n fi fáníìṣì bò
bí ẹni fi àtíkè bo ara tí kò wẹ̀.
Ràímì rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi mọ igi.
Ojú mi ò mọ igi. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n.
Òun ló ní kí n máa fi etí ra àpótí
kí n tó fi ojú rà á,
kí n fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí n dojú rẹ̀ dé,
kí n wo ibi tí káfíńtà rò pé ẹnikẹ́ni ò ní wò.
"Bí ìyẹ̀fun bá ń dà lábẹ́ rẹ̀, má dúnàá-dúrà.
Ilé onílé lo fẹ́ rà yẹn."

Pọ́ọ̀tímáńtò akọ̀wé réluwéè kan wà níbẹ̀,
orúkọ rẹ̀ ní ọ̀dà funfun lórí irin dúdú:
J. A. Fátókí, Ọ̀ṣogbo sí Kánò.
Mo ṣí i. Òórùn káńfọ̀, àjákù tíkẹ́ẹ̀tì kan.
Ó wù mí, kí n má purọ́.
Ṣùgbọ́n irin a máa làágùn lásìkò òjò,
bó bá sì dógùn-ún, kò mọ aṣọ olówó.

Lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé ni mo ti rí i,
igi apá, ó kúrú, ó sanra,
ẹsẹ̀ kan kò tó èjì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.
Mo gbé ìdérí rẹ̀ sókè.
Inú rẹ̀ pa aró látòkè délẹ̀.
Ràímì ní aláró ló ni ín, n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, tí kì í ní sùúrù kí àdìrẹ gbẹ tán
kó tó ká a sínú.
Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní fọ́míkà ló wu àwọn.

"Jẹ́ kí n fi sáńpépà há a, kó mọ́ lóló."
Mo ní rárá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà,
ìwọ náà mọ ìparí rẹ̀.
Ó pe ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, mo dá ọgbọ̀n,
ó búra, mo yíjú padà,
a pàdé lórí ogójì àti owó ọlọ́mọlanke.

Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Alájọgbélé mi yọjú: "Ṣé kò ṣe pósí?"
Ó sun ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ́jú, mo fi súwẹ́tà mi bò ó,
ẹ má bi mí ìdí ẹ̀.
Láàárọ̀ a yọ ilẹ̀kùn.
Mo ká káàdì ọsibítù ìyá mi sí mẹ́rin,
mo fi ki ẹsẹ̀ tó kúrú.
Ó dúró. Kò mì mọ́.

Lánàá mo ṣí i, mo fẹ́ gbóòórùn ìró funfun
tó lò ní Iléyá tó kẹ́yìn.
Aró ti fa ìlà kan gba etí rẹ̀ kọjá,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìka obìnrin tí n kò mọ̀ rí.
Mo ti pọn omi, mo ti bu ọṣẹ.
Mo wò ó títí,
mo fi omi náà fọ abọ́.