Ibi Tó Ń Jò Kọ́ Ló Lu

Akínbọ̀dé, owó tí o fi ránṣẹ́ fún kafíńtà ti dọ́wọ́ mi.
Kafíńtà ni kò dé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ń bọ̀ n'Ísọ̀kun,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo se iṣu sílẹ̀ tí mo dá jẹ ẹ́.
Nígbà tí òjò kejì ọdún gba orí ibùsùn Màmá,
mo tú ìró, mo wọ ṣòkòtò Bàbá,
mo lọ yá àkàbà.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ,
torí ilé tìrẹ náà yóò jò lọ́jọ́ kan.

Má wo ibi tí omi ń kán sí.
Omi dà bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò:
ibi tó ti mú un kọ́ ló ti ń nu ẹnu.
Ó wọlé lókè yàrá Bàbá,
ó tọ igi àjà, ó rọra ń rìn,
orí ibùsùn Màmá ló wá ń kán sí.
Wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan.
Pa tọ́ọ̀ṣì. Jókòó. Jẹ́ kí òkùnkùn mọ ojú rẹ.
Ibi tí o bá ti rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ló lu.
Fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un yọ síta;
bí o bá dórí òrùlé, òun ni yóò máa juwọ́ sí ọ.

Àárọ̀ ni kí o gùn ún,
kí oòrùn tó sọ páànù di áyọ́ọ̀nù eléèédú.
Ìlà ìṣó ni kí ẹsẹ̀ rẹ máa tọ̀:
igi ló wà lábẹ́ ìṣó, afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ ìyókù.
Fọlárìn ọmọ ilé kejì ló di àkàbà mú fún mi.
Mo ní kó má tẹ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìṣó tó ti dípẹtà, má tún gbá a padà sójú ihò rẹ̀;
eyín tó mì, a kì í fi òòlù kàn án mọ́ èrìgì.
Fà á yọ, wá èyí tó sanra jù ú lọ.
Gé túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù ní róbótó,
kí ìṣó rí ìrọ̀rí fi orí lé.
Orí òkè páànù ni kí o kàn án sí, má kàn án sí kòtò:
kòtò lọ̀nà omi, omi kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Níbi ihò kẹta ni mo ti pàdé iṣẹ́ Bàbá.
Agolo mílíìkì tó là, tó tẹ́ pẹrẹsẹ,
ìṣó mẹ́rin, gbogbo orí wọn tẹ̀ sápá kan náà,
o mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi ń di òòlù mú.
Ọ̀dà etí rẹ̀ ti sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀.
Mo ti na ọwọ́ láti yọ ọ́.
Mo wo abẹ́ rẹ̀: gbígbẹ.
Ogún ọdún òjò Iléṣà, gbígbẹ.
Mo fi ọ̀dà tuntun kùn ún létí, mo fi í sílẹ̀.
Ohun tí kò bà jẹ́, má tún un ṣe. Ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́.

Ti ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná ńkọ́?
Amọ̀ ni ògiri wa. Símẹ́ńtì lásán lórí amọ̀,
àna méjì tó ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ ojú ni:
wọ́n á jókòó pọ̀, wọn ò ní dì mọ́ra.
Kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha ibi tó sán kó fẹ̀ sí i
(bẹ́ẹ̀ ni, kó fẹ̀ sí i, èmi náà kọ́kọ́ kọ̀),
wọ́n omi sí i títí yóò fi mu yó.
Agolo erùpẹ̀ pupa mẹ́fà, yanrìn mẹ́ta, símẹ́ńtì ẹyọ kan.
Fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.
Alángbá tó ń gbébẹ̀ bínú. Ó ti kó lọ sílé Fọlárìn.

Mo ra ìṣó àti ọ̀dà lọ́jà Atákúnmọ́sà;
owó tó kù wà lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá,
ó ní òun ò mọ owó tí à ń wí.

Òjò rọ̀ lánàá. Màmá sùn, kò gbé abọ́ kankan.
Èmi ni mi ò sùn. Mo na etí sílẹ̀.
Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, lọ́dẹ̀dẹ̀,
tó.
Mo dúró.
Tó.
Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ló lu.
Ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣì kù nílé.