Kí ni Ọkùnrin Náà Ní Lọ́kàn?

Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ọlọ́pàá ti ta okùn dí ọ̀nà níwájú ilé ẹ̀kọ́,
awakọ̀ takisí gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè,
àwọn tó ń kọ́ afárá pa ẹ̀rọ wọn lẹ́nu mọ́.
Ìlú kékeré tó wà láàárín òkè Hunan
mí sínú, kò mí síta.
Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba ò rí dá lẹ́kun
ni kòkòrò orí igi, tí wọ́n ń han goorogo
bí ẹni pé àwọn náà forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Tan Suyun jókòó sí àga kẹtàdínlógún.
Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ara ògiri wúkọ́,
ohùn obìnrin kan jáde, kò gbóná, kò tutù:
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Ọdún mẹ́ta ni Olùkọ́ Ou fi kọrùn mọ́ ọn:
ẹni tó bá dúró ti ọ̀rọ̀ tó ti kọjá,
ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Láràárọ̀, kí ògì ìrẹsì tó tutù,
ni wọ́n ti ń gbọ́ ọkùnrin tó sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù,
obìnrin tó fẹ́ dá bàtà padà fún oníṣọ́ọ̀bù,
àti àwọn kan tójò kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn Sátidé.
Suyun mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ ará ilé.
Kò rí ìkankan nínú wọn rí.

Èdè ọ̀hún ló ń yà á lẹ́nu.
Nínú tirẹ̀, bí ohùn bá rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìyá á di ẹṣin,
bó bá já bọ́ lójijì, ẹṣin á di èébú.
Ẹ̀yin tí ọkọ́ yín kì í ṣe ọkọ̀ yín,
ẹ ò nílò àlàyé.
Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yìí, gbé e sókè, sọ ọ́ sílẹ̀,
ìyá ṣì ni ìyá.
Ibo wá ni wọ́n ń fi ìtumọ̀ pamọ́ sí?

Ìbéèrè kẹrin.
Obìnrin ní: ṣé wàá wá jẹun lọ́dọ̀ wa lálẹ́ Ẹtì?
Ọkùnrin ní: iṣẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.
Kí ni ọkùnrin náà ní lọ́kàn?

Pẹ́ńsù dúró.
Ọkùnrin yìí, ó mọ̀ ọ́n.
Ó ń jó irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ní Guangdong,
ó ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú:
Ṣé o ti jẹun?
Mo ti jẹun.
Ṣé owó ṣì wà?
Ó wà.
Á wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọ tó gbọ́n,
ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń kó ààbọ̀ jọ,
kò sẹ́ni tó to A, B, C síwájú rẹ̀.

Nígbà tó fi kun B tán, ìbéèrè karùn-ún ti lọ.
Ẹnì kan wà ní pápákọ̀ òfurufú, àbí ilé ìwòsàn ni?
Ó fojú dí, ó kun C.

Ìwé kíkà ò kánjú bí etí.
Ẹyẹ kan ń fò kọjá òkun lójú ìwé kẹfà;
Suyun dá a padà sí èbúté lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ẹyẹ ò bínú.

Ìyá rẹ̀ àgbà wà lẹ́nu géètì, agboòrùn lọ́wọ́ kan,
fóònù lọ́wọ́ kejì. "Gbà, kò yéé pè."

Ṣé o ti jẹun?
Ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun.
Ohùn igi ló bá a dáhùn.
Ariwo kí nìyẹn?
Kòkòrò ni, Bàbá. Ti ilé.
Bàbá dákẹ́. Irin kan dún gbàǹgà lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, jẹ́ n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Suyun na fóònù sókè sí igi,
ó nà án títí apá fi ń ro ó.