Ìwọ Lo Mọ̀nà

O ní o mọ Àgbádárìgì bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀.
Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbọ́ ọ,
bí o ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun níbẹ̀ nígbà èwe rẹ,
bí ìgbì ṣe gbé bàtà rẹ lọ, tó sì dá ẹyọ kan padà.
Mo fẹ́ràn ẹyọ kan yẹn.
Mo tilẹ̀ ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ wa.

A fi Ṣakẹ́tẹ́ sílẹ̀ kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
èmi, ìwọ, Pẹ́jò tí ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí láti inú,
fíláàsì tíì kan, búrẹ́dì gígùn méjì tí èérún rẹ̀ kún itan mi.
Ní Sẹ̀mẹ̀, òǹtẹ̀ wọn ti gbẹ;
ọ̀gá náà mí sí i kó tó tẹ̀ ẹ́ síwèé wa.
Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, a ti di àlejò:
èdè kan náà lẹ́nu wa,
owó wa ni ò gbọ́ èdè.

Okùn. Okùn mìíràn.
Wọ́n ta okùn sójú títì bí ẹni fẹ́ sá aṣọ.
Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún kí a tó kọjá Gbájì, mo ṣíwọ́.
Ẹni tó dá wa dúró gbẹ̀yìn wo inú búùtù,
ó wo ojú mi, ó wo búrẹ́dì,
ó bù nínú rẹ̀.
Okùn là ń rí, a ò rí òkun.
Òórùn iyọ̀ ń gba fèrèsé ọ̀tún wọlé,
igi àgbọn tò bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó panu mọ́.
Mo ní, "Adégbìtẹ́, òkun ńkọ́?"
O ní, "Fara balẹ̀, Àwẹ̀ró. Òkun kì í sá."

Ìlú là níwájú wa. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́,
omi tó dákẹ́ bí ọbẹ̀ àná,
òṣíbàtà lórí rẹ̀, ewúrẹ́ kan létí rẹ̀ tó ń jẹ páálí.
Kò hó. Kò bú. Kò jọ ẹni tó lè gbé bàtà ẹnikẹ́ni.
O fọwọ́ ra irùngbọ̀n,
o sún mọ́ ọmọdé kan tó ń tún àwọ̀n ṣe,
o rọra bi í, mo sì gbọ́:
"Ọ̀rẹ́ mi, òkun dà?"

Ọmọ náà fi ẹnu júwe òdìkejì.
Ọ̀sà nìyí. Ẹ̀yìn Gbèrèfù lòkun wà.
"Àbí ẹ ò débí rí ni?"

Mo kọjú sí ewúrẹ́.

Ọkọ̀ tó gbé wa sọdá ń wúkọ́ bí àgbà.
Ìyá Ògù tó jókòó lórí àpò èédú kí wa pé kúàbọ̀;
ọ̀rọ̀ yẹn ti sọdá omi ṣáájú wa, kò sì san owó ọkọ̀.
Lẹ́yìn náà, iyanrìn, iyanrìn tó ń fa ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.
Ariwo rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́,
bí ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ tí kì í dé.

Ó wá dé.
Mo wò ó díẹ̀, mo wò ọ́ púpọ̀.
Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkun kì í ṣe ojú tí à ń yá lò.
O ká ṣòkòtò dé orúnkún,
ìgbì kan nawọ́ sí ọ, o sá sẹ́yìn mi,
ìwọ tó ń fi ọwọ́ ọkọ́ pa paramọ́lẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi, ẹyọ kan,
mo gbé e síbi tí ọwọ́ ìgbì lè tó.
Ó gbé e.
A dúró. Ìgbì mẹ́ta, mẹ́rin, foomu lásán.
O ní, "Nígbà yẹn, ó dá a padà."
Mo ní, "Nígbà yẹn ni."
O di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ tutù, o ò sì tú u sílẹ̀ dénú ọkọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó padà dé Sẹ̀mẹ̀.
Wọ́n ní kí la gbé.
O ní, "Àgbọn mẹ́fà, àti bàtà ẹsẹ̀ kan."
Ọ̀gá náà wo ẹsẹ̀ mi,
ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àga,
ó ń wá èkejì.